Ó ń tẹ dùùrù, ó ń gbohùn sílẹ̀, ó tún ń kọ́ni: ṣé kó fi méjì sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Mo ń tẹ dùùrù, mo ń ta báàsì, mo sì lè jókòó sídìí ìlù bí onílù kò bá wá. Yàrá kan wà nílé mi tí mo ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀, mo sì ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní orin láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ni báńdì tí mo ń bá ṣeré sọ ọ́ sí mi lójú pé ọwọ́ mi fẹ̀ ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Àwọn ará ilé ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, èmi wá ń lé mẹ́ta. Ẹlòmíì tún ní kí n yé fi ìmọ̀ orin yangàn nídìí ẹ̀rọ, pé ẹnjiníà kò nílò orin rárá. Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Àbí kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá mi lóhùn.

* * *

Kò sí ìtùnú níbí, àbúrò.

Èsì tó ti wọlé títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Àwọn kan ní kó o mú ọ̀kan, kó o ju ìyókù nù. Àwọn kan ní kó o di gbogbo rẹ̀ mú nítorí owó: bí òde bá gbẹ, akẹ́kọ̀ọ́ á san; bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi, ẹni tó fẹ́ gbohùn sílẹ̀ á dé. Àwọn tí ohùn wọn le jù ní iṣẹ́ tíṣà ni ibi tí olórin ń sá sí bí òde bá ti kọ̀ ọ́.

Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ tán. Òwe eku méjì yẹn, eku tó sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bá wí. Eré ṣíṣe, ohùn gbígbà àti ẹ̀kọ́ kíkọ́ni, inú ihò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wọ̀, etí lorúkọ ihò náà. Mi ò rí i kí pípọ̀ iṣẹ́ ba ènìyàn jẹ́ tó bí gbígbé ìwà iṣẹ́ kan wọ yàrá iṣẹ́ kejì ṣe ń bà á jẹ́. Ẹnu tíṣà nínú sítúdíò. Etí ẹnjiníà lórí ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin. Ìgbéraga olórin nígbà tó yẹ kó máa po ohùn pọ̀, ìyẹn kó máa wọn ohùn kọ̀ọ̀kan pọ̀ di orin kan. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó bọ́ èyí sílẹ̀ kó gbé ìyẹn wọ̀, ó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí ọjọ́ ogbó.

Ẹ wo Les Paul, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1915. Ògbóǹtarìgì onígìtá ni. Òun náà ló ń to ohùn gìtá tirẹ̀ lé ara wọn lórí àwo kí ẹ̀rọ téèpù tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun ló sì ní kí ilé iṣẹ́ Ampex ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún òun, èyí tó dé ilé rẹ̀ ní 1957. Ní 1948, jàǹbá ọkọ̀ fọ́ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yángá. Àwọn dókítà ní apá náà kò ní lè ká mọ́. Ó ní kí wọ́n kúkú to egungun náà sí ipò tí òun á lè fi máa ta gìtá. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó ń ṣeré ní New York lọ́jọọjọ́ Ajé, kò sì dúró títí ó fi ku oṣù díẹ̀ kó kú ní 2009.

* * *

Ẹnìkan ti já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi Les Paul wé wa. Àkàndá ẹ̀dá nìyẹn."

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe to iṣẹ́ rẹ̀. Gìtá ló kọ́kọ́ jinlẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń tú, tó ń tò, nítorí ohun tó fẹ́ gbọ́ lára gìtá ni. Ibí yìí ni mo ti gbè sẹ́yìn ọ̀gá báńdì rẹ, àbúrò. Ohun èlò mẹ́ta lo kà fún wa, o ò sọ èwo ni tìrẹ. Bí akọrin bá ṣàdédé gbé orin kúrò ní kíì C bọ́ sí kíì F-sharp láàárín eré, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ rẹ á bá a lọ lórí rẹ̀ kó o tó ronú? Bí èsì rẹ kò bá yá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kì í ṣe èébú.

Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ débi tí o kò fi ní máa wo ìka. Kí méjì tó kù wà ní ìwọ̀n ìlò: báàsì tó bá ẹsẹ̀ onílù rìn, ìlù tí kò sáré tí kò fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó pè ọ́ wá fi báàsì kún orin rẹ̀ tó ń wá afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀.

Èyí tó bá jẹ́ tìrẹ, fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, kódà lọ́jọ́ tí oníbàárà kún inú ilé. Èyí tí o ń tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ wò kò sí lára rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló rò pé àwọn ti ṣe ìdárayá ọwọ́ torí pé wọ́n wà nídìí dùùrù látàárọ̀. Orin tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ lè tẹ̀ ni o ń tẹ̀ látàárọ̀. Ọwọ́ rẹ ò kúrò níbi tó wà. Wá èyí tó ń dà ọ́ láàmú.

* * *

Ó kan ti ẹnjiníà tí kò nílò orin. Àríyànjiyàn yìí ti wà kí gbogbo wa tó dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀rí sì wà lápá méjèèjì. Tom Dowd, tó gba àwo tí kò lóǹkà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo Atlantic, físíìsì ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Columbia lábẹ́ ètò tó bí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ṣùgbọ́n ilé orin ló ti dàgbà, ó mọ dùùrù, ó mọ fáólìn. George Martin, tó ṣe olóòtú àwo àwọn Beatles, kọ́ fèrè óbò ní iléèwé orin Guildhall, Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wọ ilé iṣẹ́ àwo EMI ní 1950. Ẹ wá wo apá kejì. Títún ẹ̀rọ sítúdíò ṣe ni Susan Rogers fi bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Kì í ṣe olórin. Síbẹ̀ òun ni Prince, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin Amẹ́ríkà, mú ṣe ẹnjiníà rẹ̀ láti 1983. Lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó padà síléèwé, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì McGill ní Kánádà lórí bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń gbọ́ orin, ó sì di olùkọ́ ní iléèwé orin Berklee.

Nítorí náà, ẹni tó ní "kò nílò rẹ̀ rárá" kò parọ́ tán. Ohun tó fi pamọ́ ni pé Susan Rogers mọ inú ẹ̀rọ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Kò gba ibẹ̀ kọjá lọ́wọ́ òfo. Bí orin kò bá jinlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Àwọn tó ń pariwo gbólóhùn yẹn jù, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Èmi ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà nínú ohun kékeré. Akọrin wà nídìí máìkì, ó ní, "Ohùn mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi." Ẹnjiníà tí kò ṣeré rí á ní kó gbájú mọ́ ìlù. Ẹni tó ti kọrin pẹ̀lú hẹdifóònù rí á ti na ọwọ́ sí buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e. Bí ẹ̀rọ bá ń ka ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (48 kHz), buffer 1024 á dá ohùn dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 21 bó bá ń wọlé, á tún dá a dúró bó bá ń jáde padà sí etí akọrin. Gbé e wá sí 128, ìdádúró kọ̀ọ̀kan di bíi 2.7. Bí kọ̀ǹpútà bá ń hanrun, pa àwọn plugin (ètò kékeré tó ń tún ohùn ṣe) tó wúwo ná títí dìgbà tí o bá fẹ́ po orin pọ̀. Akọrin náà kò ní mọ ohun tó o ṣe. Á kàn kọ ọ́ dáadáa.

Tàbí kí ìlà kan bàjẹ́, kó o fẹ́ kó tún un kọ. Má já wọlé lórí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó ṣáájú, kí èémí tó fà kó tó dé ibẹ̀ jẹ́ èémí orin. Olórin kì í nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí.

Ibi tí ìmọ̀ orin ti ń ṣe ẹnjiníà léṣe náà wà. Mo mọ onílù kan tó ń po orin pọ̀ fún àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ gbọ́ láti ọwọ́ rẹ̀, snare, ìlù olóhùn líle nínú ìlù òyìnbó, ló ń kọrin, akọrin ló ń gbè é. Bí onígìtá bá ń po ohùn, ẹ máa gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí wáyà, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ọgbọ́n tí mo ń dá sí i: ohun èlò tó bá jẹ́ tìrẹ ni kó o gbé wọlé kẹ́yìn. Jẹ́ kí ohùn akọrin, ìlù àti báàsì ti bára mu ná. Gbé dùùrù rẹ wá síbi tó ti dùn mọ́ ọ, lẹ́yìn náà fà á sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Á dùn ọ́. Fi í síbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti ya bàrá, ó ń béèrè bóyá kí òun lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri kí àwọn aládùúgbò yé bínú. Ẹ jẹ́ ká parí ìyẹn kíá. Kò ṣiṣẹ́. Ìwúwo ògiri àti dídí gbogbo àlàfo, títí dé abẹ́ ilẹ̀kùn, ló ń dá ohùn dúró kó má jáde. Páálí kò wúwo. Nǹkan rírọ̀ tó nípọn dáadáa ló ń gba ohùn mọ́ra kí yàrá má baà máa dún padà. Páálí kò nípọn. Báàsì ló burú jù: ìgbì ohùn ìsàlẹ̀ 50 Hz (tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Bó o bá wá lọ ra fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí gbogbo ògiri ká, ohùn tín-ín-rín òkè lo máa pa, ìsàlẹ̀ á ṣì máa hó nínú igun yàrá.

Èyí kan olùbéèrè wa ju bó ṣe rò lọ, torí yàrá kan náà ló ń lò fún ohùn gbígbà àti ẹ̀kọ́. Yàrá tó gbẹ, tí ohùn kì í dún padà nínú rẹ̀, dára fún máìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ràn rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ kò bá padà sí i, á rò pé kò tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fipá fọn fèrè, á máa gbá bọ́tìnnì dùùrù mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní kò ṣe nǹkan, á mọ́ra. Lójú tèmi, ìwà tó bá mọ́ra níbẹ̀ ló máa pẹ́ jù lára rẹ̀. Fi ohun tó ń gba ohùn sára pátákó tó ṣeé gbé kúrò, kó o gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé.

* * *

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni etí fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bára wọn jà ní tòótọ́.

NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí etí má gbọ́ ju 85 dB (ìwọ̀n ariwo) lọ fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, kí àkókò pín sí méjì. 88 di wákàtí 4, 94 di wákàtí 1, 100 di ìṣẹ́jú 15. Ìlù gidi nínú yàrá kékeré kì í rí 100 bí ohun tó ga. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ìlù kan ṣoṣo, láìdí etí, ti lè jẹ ìpín etí rẹ fún ọjọ́ náà tán, o sì ṣètò láti po orin ẹlòmíì pọ̀ lálẹ́.

Ohun tó wá ń tẹ̀lé e burú ju àárẹ̀ lọ. Láti 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti fi hàn pé etí wa kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè dáadáa bí ohùn bá lọ sílẹ̀. Bó bá ròkè ni wọ́n tó ń yọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ti kú á gbé sípíkà sókè. Báàsì á kún, inú rẹ̀ á dùn, á ní iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ kejì tó bá gbọ́ ọ ní ohùn jẹ́jẹ́, orin náà ti rù, akọrin nìkan ló kù níbẹ̀.

Mo rí àwọn tó ń ṣàríyànjiyàn pé alẹ́ ni ẹ̀mí orin máa ń bà lé wọn. Kí ẹ̀mí bà lé ọ fún orin kíkọ, kò burú. Àárọ̀ ni kó o fi po ohùn, nígbà tí etí ṣì tutù, kí sípíkà má ròkè ju ìwọ̀n tí ẹni méjì lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kọ́ni lọ́sàn-án. Ṣeré lálẹ́ pẹ̀lú ohun tí a fi ń dí etí. Bí etí bá ṣì ń hó lọ́jọ́ kejì eré, lọ kọ ìwé àdéhùn tàbí kó o tú wáyà, má po nǹkankan.

* * *

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ tíṣà síwájú torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni màá ti bínú.

Àwọn tó ní ẹni tí òde bá kọ̀ ló ń kọ́ni, wọn ò tíì jókòó ti ọmọ tó ń tẹ sikéèlì C, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kó sínú àtẹ́lẹwọ́. Ìwọ ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, o kò sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. Ọmọ yẹn á fipá mú ọ mọ̀ ọ́n. O máa rí i pé àtàǹpàkò ti ń yọ́ lọ sábẹ́ nígbà tí ìka kejì ṣì ń tẹ̀, kò dúró dìgbà tí ìka kẹta bá tẹ̀ tán. O máa rí i pé apá ló ń gbé ọwọ́ lọ, ọrùn-ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ yí. Nídìí wíwá ọ̀rọ̀ tí ọmọdé á gbọ́ ni sikéèlì tèmi fi dán sí i, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo rò pé ó ti dán.

Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó wà nínú yàrá rẹ jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà kò ní. Gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, jẹ́ kó gbọ́ ọ, pa ẹnu mọ́. Àgbàlagbà tó ti ń bá ọ jiyàn pé òun ò sáré á gbọ́ ara rẹ̀ bó ti ń sáré. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ akọrin, kìlọ̀ fún un ṣáájú pé ohùn rẹ̀ á ṣàjèjì létí rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń kọrin, egungun orí náà ń gbé ohùn rẹ̀ wọ etí láti inú wá. Máìkì ò gba ti egungun. Torí náà, ohùn ẹni tí máìkì gbà sílẹ̀ a máa tín-ín-rín létí ẹni. Àwọn kan ti pa orin tì níbẹ̀, tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run ò fún àwọn lóhùn.

Ti ọmọdé ni mi ò fara mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba ọmọ sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń tún un gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ní ó ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 7 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ odindi orin kan tán ń wo ojú rẹ bóyá wàá rẹ́rìn-ín. Etí tó ń wá àbùkù, tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la láàárọ̀.

* * *

Nínú sítúdíò, tíṣà ni wàhálà.

Mo jókòó níbi ìgbohùnsílẹ̀ kan tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ jẹ́ olùkọ́ ohùn, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Akọrin kọ ẹsẹ̀ kìíní. Ó dùn. Ìlà kan ló ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Ọ̀gá tẹ talkback, bọ́tìnnì tó fi ń bá akọrin sọ̀rọ̀: gbé àyà sókè, ṣí ẹ̀yìn ọ̀fun, má fún ẹnu mọ́ra. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í ro àyà, ó ń ro ọ̀fun, ejìká rẹ̀ gòkè. Ó tún un kọ, ó tún un kọ, ohùn tó bá wọlé láàárọ̀ kò padà mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n lò nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìlà tó fẹsẹ̀ kọ.

Nídìí máìkì, "Ó dáa, fún mi ní òmíràn" ti tó. Bí nǹkan bá gbọ́dọ̀ yí, kọ́kọ́ yí èyí tó wà lọ́wọ́ ìwọ. Akọrin tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí ohùn lè jẹ́ pé kò gbọ́ dùùrù tó. Gbé dùùrù sókè ní hẹdifóònù, dín báàsì kù. Ní kó bọ́ etí kan sílẹ̀, kó o pa ẹ̀gbẹ́ náà kí ohùn má baà jò wọ máìkì. Bó bá ń pariwo, bóyá ara rẹ̀ ni kò gbọ́. Gbogbo èyí, kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀, ó sì tún ń ṣe ohun tí ẹ̀kọ́ kò lè ṣe láàárín wákàtí kan.

* * *

Mo mọ̀ pé owó lẹ ń dúró dè.

Àwọn tó ń gba owó ní wákàtí wákàtí ní òun ló tọ́, torí akọrin tí kò múra sílẹ̀ á jẹ àkókò rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó ń wo aago kì í kọrin dáadáa. Mo ń gba owó orin kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe ìgbà méjì wà nínú rẹ̀, ìkẹta lówó lórí, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wáyà tó wọ ihò. Kí ìdajì wọlé ṣáájú. Kí ìyókù wọlé kí fáìlì tó jáde. Báńdì kan ti kó fáìlì lọ rí pẹ̀lú ẹ̀rín, láti ìgbà náà fóònù wọn kò wọlé.

Ìṣòro ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Wọ́n ní kó o wá gbohùn sílẹ̀. O rí i pé orin náà ṣófo, o fi dùùrù sí i, o fi báàsì sí i, o tún kọ́ àwọn tó ń gbè é ní ohùn wọn. Owó ẹyọ kan lo gbà. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kódà èyí tó o bá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n rí i pé o fún wọn ni. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni ìgbàsílẹ̀, ti ẹni tó ṣeré nínú rẹ̀ tún jẹ́ òmíràn. Ọjọ́ tí orin bá gbajúmọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú èyí.

Ti akẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n san ti oṣù ṣáájú. Ẹ̀kọ́ tí wọn ò wá, àkókò rẹ ti lọ. Àwọn tó ní kéèyàn máa dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n ń sinmi.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, àtijọ́ lẹ ń sọ. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ dùùrù wà lórí YouTube, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ti ń po orin pọ̀ fúnra rẹ̀."

Fídíò ò rí ọrùn-ọwọ́ rẹ. Ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé akọrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fa ohùn sẹ́yìn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ wà, mi ò sẹ́: fífọ ariwo kúrò nínú ohùn, ìyẹn ti ń bá mi lára mu gan-an.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá. Ó ní dùùrù ni tòun, òun ti gbà. Ó wá ní ìbéèrè méjì: kí ni kóun ṣe sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlù, àti pé òbí kan fẹ́ kóun gba orin ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun, sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbaniwọlé iléèwé orin, kóun sì "tún ibi tó kù díẹ̀ ṣe" lórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn onílù, kọ́ wọn títí wọ́n á fi dúró déédéé lórí mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ orin, tí ọwọ́ méjèèjì á fi dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, fà wọ́n lé onílù gidi lọ́wọ́, kó o sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Onílù yẹn náà á máa rán àwọn tó fẹ́ dùùrù sí ọ.

Èkejì ni mo fẹ́ kó o ṣọ́ra sí. Àwọn kan níbí á ní owó ni owó, ṣe é. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni kó tún ohùn ṣe, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn bó bá jẹ́ àwo tí wọ́n fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n ń lò ó fún, ọ̀pọ̀ iléèwé sì ń béèrè ìgbàsílẹ̀ tí kò ní gígé àti títò. Bó o bá gbé ọwọ́ ọmọ náà dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, ọ̀sẹ̀ kìíní níwájú olùkọ́ tuntun ló máa tú, orúkọ tìrẹ sì ni wọ́n máa pè. Ohun tó yẹ kó o fún un ni ohun tí ẹnjiníà lè fún un láìparọ́: yàrá tó dákẹ́, dùùrù tí wọ́n ti yí wáyà rẹ̀ sí ohùn tó yẹ, máìkì méjì níbi tó tọ́, àti àkókò tó gùn débi tí ẹ̀rù á fi kúrò lára rẹ̀. Gba odindi orin náà ní ìgbà bí mélòó kan, kó òun fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú.

Bí òbí náà bá ṣì ta kú pé òun fẹ́ èyí tó dán, ṣe é ní fáìlì kejì fún wọn láti máa gbọ́ nílé, kọ "tí a tún ṣe" sórí orúkọ rẹ̀, kó o sì gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.